Mo Mọ̀ Pé Òfin Yẹn Ti Kú, Mo Ní Kí Corinne Fọwọ́ Síwèé

Ẹ má tíì bú mi. Ẹ jẹ́ kí n rojọ́ tán ná, kí ẹ wá bú mi dáadáa, torí èébú náà tọ́ sí mi.

Lorna Kubiak lorúkọ mi. Ìlú Toledo ní ìpínlẹ̀ Ohio ni wọ́n bí mi sí, ibẹ̀ náà ni mo dàgbà sí. Ajá ni mò ń wẹ̀. Mò ń gẹ irun ajá, mò ń gé èékánná ajá, mò ń fọ etí ajá. Ẹ rẹ́rìn-ín bó bá wù yín. Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni mo ti wà lẹ́nu ẹ̀, òun ló ń bọ́ mi, òun ló ń wọ̀ mí láṣọ.

Corinne Teal ni mo ṣẹ̀. Èmi gan-an ni mo kọ́ ọ níṣẹ́ ọ̀hún. Nígbà tó kọ́kọ́ dé ìsọ̀ ọ̀gá wa, Dwight Strunk, kò mọ bí wọ́n ṣe ń di sísọ́ọ̀sì mú. Ajá kékeré kan gé e jẹ lọ́jọ́ àkọ́kọ́, ó bú sẹ́kún, ó ní òun ń lọ sílé. Èmi ni mo fi báńdéèjì wé ọwọ́ rẹ̀.

"Jókòó, jàre," mo ní. "Ajá tí ò bá tíì gé ẹ jẹ ò tíì mọ̀ ẹ́."

Ó rẹ́rìn-ín, ó sì jókòó. Ọdún mọ́kàndínlógún la fi ṣiṣẹ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wa, tábìlì tèmi lápá ọ̀tún, tiẹ̀ lápá òsì. Mo lọ síbi ìgbéyàwó rẹ̀. Nígbà tí ìgbéyàwó náà fọ́, ilé mi ló sùn fún oṣù mẹ́ta. Ìyá rẹ̀, Mama Teal, kì í pè mí ní Lorna lásán. "Lorna wa" ló ń pè mí.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti wọ́ ni pé ọmọ yẹn mọ iṣẹ́ náà jù mí lọ.

Kò sẹ́ni tó sọ ọ́ fún mi o. Ojú ara mi ló rí i. Ìyáàfin kan wà tó ń jẹ́ Beckwith, èmi ni mo ń gẹ irun Duchess, ajá rẹ̀, láti kékeré. Ọ̀sẹ̀ kan péré ni mo ṣàìsàn, Corinne bá mi gẹ̀ ẹ́. Nígbà tí mo padà dé, Ìyáàfin Beckwith wọlé, mo nawọ́ kí n gba ajá, ni obìnrin yìí bá gbá Duchess mọ́ àyà.

"Ẹ má bínú o, Lorna. Corinne ńkọ́?"

"Ó wà lẹ́yìn. Ọwọ́ ẹ̀ dí."

"Kò burú. Àwa máa dúró."

Àwa! Òun àti ajá. Wákàtí kan àtààbọ̀ ni àwọn méjèèjì fi jókòó, tí tábìlì tèmi ṣófo, tí mo ń fi aṣọ nu ohun tí kò dọ̀tí. Bí mo bá ní agbára lọ́jọ́ náà, ǹ bá ju obìnrin yẹn àti Duchess rẹ̀ síta.

Kò pẹ́ lẹ́yìn ìyẹn ni Corinne gba ipò kìíní níbi ìdíje àwọn agẹrun-ajá ní Columbus. Ìwé ìròyìn ìlú wa gbé fọ́tò rẹ̀. Strunk gé fọ́tò náà, ó lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri. Bí èèyàn bá wò ó dáadáa, ó máa rí èjìká obìnrin kan létí rẹ̀. Èjìká mi nìyẹn. Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n lẹ́nu iṣẹ́, èjìká lásán ni ìwé ìròyìn rí yà.

Mo ń rẹ́rìn-ín. Mo ní "o kú oríire." Mo tiẹ̀ ṣe kéèkì wá. Ṣùgbọ́n owú ń jẹ mí lójú ọ̀sán gangan, débi pé bí tẹlifóònù bá dún, tí wọ́n ní "Ṣé Corinne wà níbẹ̀?", màá ju tẹlifóònù sórí tábìlì kí n tó pè é.

Ẹ wá gbọ́ ọ̀rọ̀ ìwé. Kí Strunk tó gba ẹnikẹ́ni síṣẹ́, ó máa ní kí onítọ̀hún fọwọ́ sí ìwé kan tí àwa ń pè ní má-bá-mi-díje. Ohun tó wà nínú rẹ̀ ni pé bí o bá kúrò lọ́dọ̀ òun, ọdún méjì gbáko ni o ò gbọdọ̀ wẹ ajá fún ara ẹ tàbí fún ẹlòmíì, níbikíbi tí kò bá tó máìlì mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n sí ìsọ̀ rẹ̀. Gbogbo wa la fọwọ́ sí i. Ta ló ń kàwé lọ́jọ́ tó ń wáṣẹ́?

Ní oṣù kẹrin ọdún 2024, a wà nínú yàrá tí a ti ń jẹun, tẹlifíṣọ̀n ń sọ̀rọ̀ lórí ògiri. Wọ́n ní àjọ ìjọba àpapọ̀ kan ní Washington ti gbé òfin jáde: láti ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kẹsàn-án, irú ìwé bẹ́ẹ̀ ti di òfo káàkiri Amẹ́ríkà. Corinne dìde tòun ti búrẹ́dì lọ́wọ́.

"Lọ́yà! Ṣé etí mi ló ń tàn mí jẹ ni?"

Èmi ni wọ́n ń pè ní Lọ́yà. Ẹ̀ẹ̀mejì ni wọ́n ti pè mí sí kóòtù pé kí n wá jókòó pẹ̀lú àwọn ará ìlú tó ń dá ẹjọ́, mo sì fẹ́ràn ìròyìn kóòtù bí àwọn mìíràn ṣe fẹ́ràn bọ́ọ̀lù. Bí ọ̀rọ̀ òfin bá délẹ̀ nínú ìsọ̀ wa, èmi ni wọ́n máa bi.

"Etí ẹ ò tàn ẹ́ jẹ," mo dá a lóhùn. "Ṣùgbọ́n fara balẹ̀. Àwọn oníléeṣẹ́ ńlá ò ní gbà, wọ́n á gbé e lọ sí kóòtù. Má fọwọ́ kan nǹkan kan títí a ó fi rí ibi tó máa já sí."

Ìmọ̀ràn gidi nìyẹn. Títí di ọjọ́ yẹn, ọ̀rẹ́ rẹ̀ ṣì ni mí.

Corinne ò sùn mọ́. Ó rí ìsọ̀ kan lójú Sylvania Avenue, níbi tí bàbá kan ti ń tún bàtà ṣe tẹ́lẹ̀. Ó ta ilé kékeré tí bàbá rẹ̀ fi sílẹ̀ fún un létí adágún Erie kó lè fi tún ibẹ̀ ṣe. Kò sí ohun mìíràn tó ní. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi èyí náà sọ́kàn: kídìnrín Mama Teal ti daṣẹ́ sílẹ̀, ẹ̀ẹ̀mẹta lọ́sẹ̀ ni Corinne ń gbé e lọ sí ilé ìwòsàn kí wọ́n lè bá a fọ ẹ̀jẹ̀. Kò lè kó kúrò nílùú. Bí wọ́n bá ti ìsọ̀ yẹn pa, kò síbi tó máa yà sí. Mo mọ gbogbo èyí. Mo mọ̀ ọ́n ju ẹnikẹ́ni lọ.

Ó mú mi lọ wo ibẹ̀ ní oṣù keje. Fèrèsé ńlá méjì, oòrùn ń wọlé.

"Báàfù máa wà níbí. Tábìlì máa wà lójú fèrèsé, kí àwọn èèyàn máa rí wa láti ìta. Kí lo rí sí i?"

"Ó dára."

"Ó dára nìkan? Ìwọ Lorna yìí!"

"Ó dára gan-an ni, Corinne. Kí lo fẹ́ kí n ṣe, kí n máa jó?"

Ó rò pé mò ń ṣàwàdà, ó bú sẹ́rìn-ín, ó fà mí mọ́ra. Nígbà tí mo wọ mọ́tò mi, mo sunkún, kì í sì í ṣe ẹkún ayọ̀. Ọmọ tí mo wé báńdéèjì mọ́ lọ́wọ́ ti fẹ́ di ọ̀gá. Ẹ lè ní kí ló dé tí èmi náà ò ṣí tèmi. Mi ò láyà. Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni mo fi ń sọ pé ó di ọdún tó ń bọ̀.

Ó wá di ọjọ́ kọkànlélógún oṣù kẹjọ, ọjọ́rú. Mo ń wakọ̀ lọ síbi iṣẹ́ láàárọ̀, rédíò ń sọ̀rọ̀. Wọ́n ní ní àná, adájọ́ ìjọba àpapọ̀ kan ní Texas ti fagi lé òfin Washington yẹn, pé àjọ náà ò lágbára láti ṣe irú òfin bẹ́ẹ̀, pé kò sì ní ṣiṣẹ́ níbì kankan. Ìwé má-bá-mi-díje wà bó ṣe wà. Mo pariwo "Há!" nínú mọ́tò. Ẹ jẹ́ kí n sọ òótọ́ kí ojú ti èṣù: ohun tó kọ́kọ́ wá sọ́kàn mi ni pé màá sáré sọ fún Corinne. Mo búra fún yín.

Corinne ò wá síṣẹ́ lọ́jọ́ náà. Ìyá rẹ̀ dákú láàárọ̀, wọ́n wà ní ilé ìwòsàn. Mo ní kò burú, màá pè é nígbà ìjẹun ọ̀sán.

Ìjẹun ọ̀sán kù díẹ̀ nígbà tí Ìyáàfin Beckwith wọlé. Wọ́n sọ fún un pé Corinne ò sí. Ó wo tábìlì mi, ó wo Duchess, ó mí kanlẹ̀.

"Ó dáa, Lorna, ẹ bá mi gẹ̀ ẹ́. Díẹ̀díẹ̀ o. Ẹ má gé irun etí rẹ̀ kúrú bíi ti tẹ́lẹ̀."

Bíi ti tẹ́lẹ̀! Mo gbé ajá sórí tábìlì. Obìnrin náà ò dákẹ́.

"Mo gbọ́ pé Corinne ń ṣí tirẹ̀. Ibi yòówù kó lọ, à ń tẹ̀ lé e. Gbogbo wa la ti sọ ọ́. Ẹ̀yin ńkọ́, ṣé ó máa mú yín dání?"

Kò sí nǹkan tó burú nínú ọ̀rọ̀ yẹn lójú rẹ̀. Ó rẹ́rìn-ín sí mi bí ẹni tó ń kí ìyá arúgbó. Ibi tí mo ti di sísọ́ọ̀sì mú ni fóònù ti gbọ̀n nínú àpò mi. Àtẹ̀jíṣẹ́ Corinne ni.

"Lọ́yà, onílé ní kí n fọwọ́ síwèé ìsọ̀ lónìí tàbí kó gbé e fún ẹlòmíì. Mi ò gbọ́ ìròyìn rárá látàná nítorí màmá. Ṣé òfin yẹn ṣì dúró? Bí o bá ní kí n fọwọ́ sí i, màá fọwọ́ sí i."

Mo ka ìlà tó gbẹ̀yìn yẹn lẹ́ẹ̀mẹta. Bí o bá ní kí n fọwọ́ sí i. Gbogbo ayé rẹ̀ wà lábẹ́ àtàǹpàkò mi. Ọ̀rọ̀ kan péré, "Rárá," ó ti tó. Mo tiẹ̀ ti tẹ ẹ́. Ó wà lójú fóònù, mi ò tíì fi ránṣẹ́.

Ìyáàfin Beckwith bá tún sọ látẹ̀yìn mi pé: "Etí rẹ̀ o, Lorna. Corinne kì í ṣe é báyẹn."

Mo pa "Rárá" rẹ́. Mo tẹ: "Ó dúró gbọingbọin. Fọwọ́ sí i." Mo fi àwòrán ọkàn pupa sí i. Mo fi ránṣẹ́.

Ẹ ò rí i pé ìwà ìkà ò le? Ìka kan péré ló gbà. Mo rò pé inú mi máa bàjẹ́ lójú ẹsẹ̀. Kò bàjẹ́. Ara tù mí ni. Mo gẹ irun Duchess parí, mo gé irun etí rẹ̀ kúrú.

Bí mo bá dúró síbẹ̀, bóyá Ọlọ́run ì bá dárí jì mí. Mi ò dúró. Kò tó ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún tí mo fi kọ òmíràn sí Strunk. Ohun tí mo kọ, ẹ máa gbọ́ ọ níbi tí gbogbo ayé ti gbọ́ ọ.

Corinne kúrò lọ́dọ̀ Strunk, ó sì ṣí ìsọ̀ tirẹ̀ láàárín oṣù kẹsàn-án. Mo gbé òdòdó lọ. Bẹ́ẹ̀ ni, èmi! Mo dúró lábẹ́ pátákó orúkọ rẹ̀, wọ́n yà wá ní fọ́tò. Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, ìsọ̀ Strunk dá páro, àwọn oníbàárà ti ṣí lọ. Strunk ò bínú. Ó ń fi ẹnu súfèé káàkiri.

Ìparí oṣù kẹwàá ni fóònù mi dún. Corinne ni, ó ń mí gúlegúle.

"Lorna, ọkùnrin kan ṣẹ̀ṣẹ̀ já ìwé kóòtù lé mi lọ́wọ́ lójú àwọn oníbàárà! Strunk ní kí adájọ́ ti ìsọ̀ mi lójú ẹsẹ̀. Wọ́n ní òfin yẹn ti kú láti oṣù kẹjọ! Ṣé o gbọ́ ọ?"

"Há! Láti oṣù kẹjọ kẹ̀?"

"Wọ́n ní ó kù ọjọ́ kan kí n fọwọ́ sí ilé ni adájọ́ kan ní Texas pa á!"

"Yéè! Èmi náà ò gbọ́ o, Corinne. Ọ̀rọ̀ kóòtù ìsinsìnyí, àárọ̀ lọ́tọ̀, alẹ́ lọ́tọ̀."

"Mo mọ̀. Kì í ṣe ẹ̀bi ẹ. Ta ló lè máa bá wọn sáré?"

Òun ló tún ń tù mí nínú. Mo gbé fóònù sílẹ̀, mo lọ bì nínú ilé ìtọ̀.

Strunk ní kí n wá jẹ́rìí fún òun, pé àwọn oníbàárà òun ti bá Corinne lọ. Ó ní bí ẹjọ́ bá parí, èmi ni màá di alábòójútó ìsọ̀. Mo gbà. Mo sọ fún Corinne pé wọ́n fi ipá mú mi, ó sì gbà mí gbọ́.

Ọjọ́ kan nínú oṣù kọkànlá la dé kóòtù. Corinne jókòó níwájú, ó wọ jákẹ́ẹ̀tì aláwọ̀ aró kan tí mo bá a rà. Mama Teal wà lẹ́yìn nínú kẹ̀kẹ́ aláìsàn rẹ̀, ó juwọ́ sí mi. Adájọ́ jẹ́ obìnrin kan tó ń sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́. Lọ́yà Strunk bi mí ní ìbéèrè mẹ́ta, mo dáhùn, mo ti fẹ́ dìde.

"Ẹ jókòó ná, mà." Lọ́yà Corinne ni, ọmọbìnrin kan tó ń jẹ́ Delphine Oyler, kò tíì pé ọgbọ̀n ọdún. "Ìyáàfin Kubiak, ṣé ẹ ń lo fóònù?"

"Ta ni kì í lo fóònù?"

Àwọn èèyàn rẹ́rìn-ín. Mo gbádùn rẹ̀.

"Ṣé ẹ máa ń kọ àtẹ̀jíṣẹ́ sí Ọ̀gbẹ́ni Strunk?"

"Bí mo bá máa pẹ́ dé ibi iṣẹ́."

Ó mú ìwé pelebe kan wá. "Ṣé nọ́ńbà yín nìyí?"

Mo wò ó. Nọ́ńbà mi ni. Lọ́yà ni wọ́n ń pè mí o! Mo mọ ohun tí adájọ́ Texas sọ, mo mọ ohun tí Washington sọ. Kò wá sí mi lọ́kàn pé bí ẹjọ́ bá délé ẹjọ́, ẹnì kìíní gbọ́dọ̀ kó gbogbo ohun tó kọ lórí ọ̀rọ̀ náà fún ẹnì kejì, títí kan ohun tó wà nínú fóònù. Strunk ti kó tirẹ̀ sílẹ̀. Kò sọ fún mi.

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ kà á sókè fún ilé ẹjọ́."

"Mi ò mú awò ojú mi wá."

"Ó wà lórí yín, mà."

Mo fọwọ́ kan orí. Ó wà níbẹ̀ lóòótọ́. Wọ́n tún rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n èmi kọ́ ni mo ń pa wọ́n lẹ́rìn-ín mọ́, èmi ni wọ́n ń fi rẹ́rìn-ín.

Mo kà á. "Ọ̀gá, Corinne ń gba ìsọ̀ ní Sylvania lónìí. Adájọ́ ní Texas ti fagi lé òfin yẹn lánàá, ìwé yín ṣì múlẹ̀. Òun ò mọ̀."

"Ọ̀rọ̀ mẹ́ta tó kẹ́yìn, ẹ tún un kà."

"Òun ò mọ̀."

"Kí ló wà lẹ́yìn rẹ̀?"

"Àwòrán ni."

"Àwòrán kí ni?"

"Ojú."

"Irú ojú wo, Ìyáàfin Kubiak?"

"Ojú tó ń rẹ́rìn-ín."

Ọmọbìnrin yẹn ò pariwo, kò bú mi. Ì bá sàn kó bú mi. Ó kàn mú ìwé kejì wá, láti inú fóònù Corinne. Ọjọ́ kan náà, ìṣẹ́jú mọ́kànlá ṣáájú.

"Ẹ kà á."

"Ó dúró gbọingbọin," mo ní. "Fọwọ́ sí i."

"Nígbà tí ẹ kọ èyí, ṣé ẹ ti gbọ́ ìròyìn Texas?"

Mo lè parọ́. Mo wo Strunk, ó ń wo bàtà rẹ̀. Mo wo Corinne. Kò sunkún. Ó ti yíjú sí mi, ó ń dúró, ó sì ń retí pé kí n sọ pé rárá.

"Mo ti gbọ́ ọ."

Ni mo bá gbọ́ ohùn Mama Teal lẹ́yìn, ó ń bi ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ pé, "Ṣé Lorna wa nìyẹn?"

Bí ilẹ̀ bá lanu nígbà náà, mi ò ní dúró kí ẹnikẹ́ni tì mí. Àwọn àgbà ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ni òótọ́ máa bá a. Tèmi ò lò tó oṣù mẹ́ta.

Oyler ní kí n ka èsì tí Strunk fún mi. Lọ́yà Strunk fò dìde, ó ní òun takò ó. Adájọ́ ní kó jókòó. Mo kà á: "O ṣeun. Má sọ fún un. Jẹ́ kó ṣí i ná, kó náwó rẹ̀ tán."

Adájọ́ ní ká lọ jẹun. Nígbà tí a padà dé, Strunk ló dojú kọ.

"Ọ̀gbẹ́ni Strunk, ẹ ní kí n ti ìsọ̀ obìnrin yìí lónìí olónìí, pé ó ń pa yín lára. Láti oṣù kẹjọ lẹ ti mọ̀. Ẹ jókòó, ẹ ń wò ó títí ó fi kọ́ ọ tán, kí ẹ tó wá ní kí n bá yín wó o. Mi ò sọ pé ìwé yín ò múlẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tó fẹ́ kí kóòtù yára fún òun, ó yẹ kí òun náà ti yára. Mi ò ní tì í."

Àwọn èèyàn Corinne fò mọ́ ọn. Èmi dá jókòó. Ṣé ó yé yín? Àtẹ̀jíṣẹ́ tí mo fi fẹ́ pa á ló gbà á. Lọ́sẹ̀ méjì lẹ́yìn náà, Strunk fi ẹjọ́ náà sílẹ̀ pátápátá. Ẹ má tù mí nínú pé ibi mi di rere. Nígbà tí mo gbọ́ ọ, ohun tí mo sọ fún ògiri ilé mi ni pé, "Ó tún borí!"

Lọ́jọ́ kejì tó fi ẹjọ́ sílẹ̀, Strunk pè mí sí ọ́fíìsì.

"Lorna, kó ẹrù ẹ."

"Kí ni mo ṣe, ọ̀gá?"

"O ní fóònù, àtẹ̀jíṣẹ́ ẹ ló ba ẹjọ́ mi jẹ́. Má sì gbàgbé ìwé ẹ o. Ọdún méjì, máìlì mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n."

"Ọ̀gá! Èmi yìí? Lẹ́yìn gbogbo ohun tí mo ṣe fún yín?"

"Ṣé ìwọ kọ́ lo kọ ọ́ sí mi pé ó ṣì múlẹ̀?"

Mo kó sísọ́ọ̀sì mi sínú páálí, mo jáde. Mo wá ní kò burú, adájọ́ tí ò ti Corinne ò ní ti èmi náà. Mo rí yàrá kékeré kan ní Maumee, kò jìnnà rárá. Onílé ní kí n wá fọwọ́ síwèé lọ́jọ́ Ẹtì. Kí n tó lọ, mo wakọ̀ lọ sí Sylvania Avenue láti bẹ Corinne. Òjò dídì àkọ́kọ́ ọdún náà ń bọ́. Ó rí mi láti ojú fèrèsé, ó jáde, ó fa ilẹ̀kùn dé sẹ́yìn rẹ̀. Kò ní kí n wọlé.

"Corinne, mo wá bẹ̀ ẹ́. Mi ò ní àwáwí kankan. Owú ni. Mo jowú ẹ láti ọdún pípẹ́."

"Mo mọ̀ pé owú ni. Kí ló tún kù?"

"Strunk lé mi. Mo ti rí ibì kan ní Maumee, Ẹtì ni mo—"

"Má fọwọ́ sí i."

Mo rò pé ìbínú ló ń sọ̀rọ̀. "Adájọ́ ṣáà jẹ́ kí ìwọ—"

"Torí pé Strunk jókòó, kò tètè wá ni. Kò ní jókòó lórí tìẹ. Lọ́jọ́ tí o bá ṣílẹ̀kùn ló máa dé kóòtù, wọ́n á sì tì ẹ́. Ìwé ẹ múlẹ̀, Lorna. Mo bi lọ́yà mi."

"O bi í? Nítorí mi?"

"Mo gbọ́ pé ó lé ẹ. Mo mọ̀ pé ibi tí ọkàn ẹ máa lọ nìyẹn."

"Kí ló dé tí o fi bi í?"

Ó nu irun ajá kúrò lọ́wọ́ rẹ̀. Ó wò mí, kì í ṣe pẹ̀lú ìfẹ́.

"Ẹnì kan gbọ́dọ̀ sọ fún ẹ," ó ní. Ó wọlé, ó sì tìlẹ̀kùn. Láti ọjọ́ náà, kò bá mi sọ̀rọ̀ mọ́.

Mi ò fọwọ́ sí ìwé Maumee. Findlay ni mo ti ń wẹ ajá báyìí, máìlì márùndínláàádọ́ta ni mo ń wà lọ láàárọ̀, òun náà ni mo ń wà bọ̀. Ẹ̀yin tí ẹ ń kàwé yìí, ẹni tó bá ní ọ̀rẹ́ tó mọ iṣẹ́ jù ú lọ nínú yín, kó tètè jẹ́wọ́ fún ara rẹ̀ kí ọjọ́ ìdánwò tó dé. Ó yẹ kí n sọ fún yín pé owú jáde lára mi lẹ́nu ọ̀nà Corinne. Kò jáde. Mi ò jowú ìsọ̀ rẹ̀ mọ́, mi ò jowú àwọn oníbàárà. Ohun tó ń jẹ mí láti Toledo dé Findlay ni pé ó rí àǹfààní láti pa mí lára, ó sì sọ òótọ́ fún mi. Mo jowú rẹ̀ fún ìyẹn náà.